Gbígbọ́ Ọ̀rọ̀ Àárín Sẹ́ẹ̀lì Ọpọlọ: Ègé Ọpọlọ, Àwo Ẹlẹ́kítíróòdù àti Ọmọ Tó Ní Wárápá Nínú Kíláàsì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń bá ara wọn sọ, nípa gbígbé ègé ọpọlọ tó ṣì wà láàyè lé orí àwo tí a to ẹlẹ́kítíróòdù púpọ̀ sí. A sọ bí a ṣe ń gé ègé náà, ohun tó ń mú un wà láàyè, bí àwo náà ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí a ṣe ń dá ọ̀rọ̀ orí oríta mọ̀ yàtọ̀ sí àmì mìíràn. A sì fi hàn pé ohun tí a gbọ́ níbẹ̀ jẹ́ kí a mọ ohun tí wárápá jẹ́ gan-an. Èrò wa ni pé olùkọ́ tí ó bá ní òye yìí kò ní sá nígbà tí ọmọ bá ṣubú níwájú rẹ̀.

1.0 Ìfáárà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Muṣin. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni ó ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin kan ní ìlà kẹta ṣubú lulẹ̀, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ìfófòó sì ń yọ ní ẹnu rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù sá jáde. Olùkọ́ náà sá tẹ̀lé wọn. Ìyá kan tí ó ń ta oúnjẹ ní ẹnu ọ̀nà ni ó wọlé, tí ó sì fẹ́ ki ṣíbí bọ ọmọ náà lẹ́nu kí a tó dá a dúró. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, ara ọmọ náà rọlẹ̀, ó sì sùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni olùkọ́ tí ó sá yìí. Ó ti yege nínú ìdánwò bàọ́lọ́jì. Ó lè dárúkọ àwọn ẹ̀yà ọpọlọ láìṣì í. Nígbà tí a bi í léèrè ohun tí ó dé, ó ní láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún òun pé ẹni tí itọ́ oníwárápá bá kàn, wárápá yóò mú un. A kò lè dá òun nìkan lẹ́bi. Àwa ni a kọ́ ọ. Orúkọ ẹ̀yà ọpọlọ ni a kọ́ ọ. A kò kọ́ ọ ní ohun tí ọpọlọ ń ṣe.

Láti ilé-ẹ̀kọ́ náà sí Ìdí-Àràbà kò jìnnà. Ní Ìdí-Àràbà, ní agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Muṣin kan náà, ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọdún 1962, níbẹ̀ náà sì ni ilé-ìwòsàn ńlá rẹ̀ wà. Àwọn onímọ̀ àrùn ọpọlọ tí òkìkí wọn kàn wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo, fún àpẹẹrẹ, wà lára àwọn aṣáájú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2023 lórí àrùn Parkinson láàárín àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Nítorí náà, kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí ní àdúgbò. Ohun tí ó kù ni pé kí ó kọjá títì bọ́ sínú kíláàsì. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ayé fi mọ ohun tí ọpọlọ ń ṣe.

2.0 Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Lò

Inú ọpọlọ ènìyàn kan, a máa rí nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ gbígbé ìròyìn. Àwọn wọ̀nyí ni a pè ní sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ nínú iṣẹ́ yìí. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní okùn gígùn kan tí ó fi ń ránṣẹ́ jáde, ó sì ní ẹ̀ka púpọ̀ tí ó fi ń gba iṣẹ́ wọlé. Iṣẹ́ tí ó ń rin orí okùn náà jẹ́ iná mànàmáná, ṣùgbọ́n iná kékeré ni, tí ìrìn èròjà iyọ̀ ń fà bí ó ti ń wọlé tí ó sì ń jáde ní ara sẹ́ẹ̀lì.

Níbi tí okùn sẹ́ẹ̀lì kan bá ti pàdé ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì mìíràn, àlàfo tín-ń-tín wà láàárín wọn. Charles Sherrington, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fún ibi ìpàdé yìí ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é, èyíinì sínápìsì, ní ọdún 1897. Ní tiwa, a ó máa pè é ní oríta. Àlàfo orí oríta kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi rí i dájú títí di àwọn ọdún 1950, nígbà tí ẹ̀rọ awò oní-ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dé.

Báwo ni iṣẹ́ ṣe ń kọjá àlàfo yìí? Ní ọdún 1921, Otto Loewi fi ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ méjì dán an wò. Ó mú kí iṣan fa ìlù ọkàn àkọ́kọ́ sẹ́yìn, ó bu omi tí ó yí ọkàn náà ká, ó dà á sórí ọkàn kejì, ọkàn kejì náà sì rọra ń lù. Kò sí okùn kankan láàárín àwọn méjèèjì. Èròjà inú omi ni ó jẹ́ iṣẹ́ náà. Àwọn baba wa ní ohun tí ó jọ èyí. Nígbà tí a bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn, a máa ń di àrokò. Ẹni tí ó gbé e kò sọ ọ̀rọ̀. Ohun tí a dì ni ọ̀rọ̀, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí nìkan ni ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ní oríta. Bí iná bá dé òpin okùn, sẹ́ẹ̀lì yóò tú àrokò sílẹ̀, àrokò yóò kọjá àlàfo, sẹ́ẹ̀lì kejì yóò gbà á, yóò sì túmọ̀ rẹ̀ padà sí iná.

Oríṣi àrokò méjì ni ó ṣe pàtàkì fún wa. Èkíní ni gúlútámèètì, èyí tí ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì kejì pé "dìde". Èkejì ni GABA, èyí tí ó ń sọ fún un pé "jókòó". Ìlera ọpọlọ dúró lórí ìwọ̀n láàárín àwọn méjèèjì. Kí olùkọ́ má gbàgbé pé àfiwé ni èyí: àrokò àwọn baba wa ń gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́nà, ti ọpọlọ kì í lò tó ìdá kan nínú ìgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá.

3.0 Ìdí Tí A Fi Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Náà Láti Inú Ègé

Ẹ jẹ́ kí a lo ọjà Ojúwòyè ní Muṣin gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó dúró ní ẹ̀yìn ọjà yóò gbọ́ ariwo. Yóò mọ̀ bóyá ọjà kún tàbí ó tú. Ṣùgbọ́n kò ní mọ ẹni tí ń ná ata pẹ̀lú ta ni. Bí ẹ̀rọ tí a ń lẹ̀ mọ́ orí aláìsàn ṣe rí nìyẹn. Hans Berger, dókítà ilẹ̀ Jámánì, ni ó kọ́kọ́ gba iná ọpọlọ láti orí ènìyàn ní ọdún 1924, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1929. Ẹ̀rọ náà wúlò púpọ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n awọ, egungun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ohun tí ó ń gbọ́.

Ọ̀nà kejì ni kí a fi abẹ́rẹ́ tín-ń-tín kan wọ inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Èyí dà bí ẹni tí ó gbé etí sí ẹnu ìyá alátà kan. Yóò gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá náà sọ, ṣùgbọ́n kò ní mọ bí iye owó ata ṣe tàn kálẹ̀ láti ìsọ̀ kan dé òmíràn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ ọjà gbọ́dọ̀ ní etí ní ìsọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọpọlọ tí ó wà nínú orí ṣòro láti to etí púpọ̀ sí láìpa á lára. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ronú lórí ègé. Ní London, láti àwọn ọdún 1950, Henry McIlwain àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a bá gé ọpọlọ ẹranko ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a sì fún un ní afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ, ègé náà yóò wà láàyè fún wákàtí díẹ̀. Ní ọdún 1966, òun àti Chosaburo Yamamoto fi hàn pé oríta inú ègé bẹ́ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́: bí a bá ta okùn tí ó wọ inú rẹ̀ jí, àwọn sẹ́ẹ̀lì yóò dáhùn.

4.0 Bí A Ṣe Ń Gé Ègé Tí Yóò Wà Láàyè

Ọpọlọ èkúté tàbí ti eku ni a sábà máa ń lò. Òfin àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga béèrè pé kí ìgbìmọ̀ kan fi ọwọ́ sí iṣẹ́ náà, kí a má sì jẹ́ kí ẹranko náà jẹ ìrora. A óò fi oògùn mú un sùn kí a tó pa á. Láti ìgbà náà lọ, ìyára ni ohun gbogbo, nítorí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í pẹ́ kú bí ọ́síjìn bá wọ́n ọn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọpọlọ gbọ́dọ̀ ti jáde kí ó sì ti bọ́ sínú omi tí ó tutù bíi yìnyín. Òtútù yìí ni ó ń dín ebi sẹ́ẹ̀lì kù.

Omi náà kì í ṣe omi lásán. A ṣe é kí ó jọ omi tí ó yí ọpọlọ ká nínú orí. Ó ní iyọ̀ tí a ń jẹ, pọ̀táṣíọ́ọ̀mù, kálísíọ́ọ̀mù, maginíṣíọ́ọ̀mù àti gúlúkóòsì, olúkúlùkù ní ìwọ̀n tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a ń fẹ́ sínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró jẹ́ ọ́síjìn ìdá 95 nínú 100 àti kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáídì ìdá 5. Ọ́síjìn ni èémí sẹ́ẹ̀lì; ìkejì ni kò jẹ́ kí omi náà kan jù tàbí kí ó korò jù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ kan tí abẹ rẹ̀ ń gbọ̀n síhìn-ín sọ́hùn-ún yóò gé ọpọlọ náà. Gbígbọ̀n abẹ náà ni kò jẹ́ kí ó tẹ ọpọlọ fọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń rẹ́ búrẹ́dì tútù ṣe máa ń fa ọ̀bẹ síwá sẹ́yìn dípò kí ó tẹ̀ ẹ́. Ègé kọ̀ọ̀kan kì í nípọn ju 0.3 sí 0.4 mìlímítà lọ. Bí ó bá nípọn jù, ọ́síjìn kò ní dé àárín rẹ̀, àárín náà yóò sì kú. Bí ó bá fẹ́lẹ́ jù, gígé náà yóò ti já púpọ̀ nínú àwọn okùn tí a fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ̀yà ọpọlọ tí a fẹ́ràn láti gé jù ni híppókámpọ́ọ̀sì. Ó tẹ̀ kọrọdọ bí ìwo àgbò, ìwo àgbò sì ni àwọn àgbà onímọ̀ ìgbàanì ilẹ̀ Yúróòpù fi pè é. Ohun tí ó mú kí ó wù wá ni pé àwọn ọ̀nà inú rẹ̀ tò létòlétò nínú ègé kan ṣoṣo, àti pé ẹ̀yà yìí ṣe kókó fún ìrántí. A óò jẹ́ kí ègé sinmi fún nǹkan bíi wákàtí kan kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

5.0 Àwo Ẹlẹ́kítíróòdù

Ẹlẹ́kítíróòdù ni ẹnu irin kékeré tí a fi ń gba iná láti ibì kan. Àwo ẹlẹ́kítíróòdù jẹ́ àwo dígí tí a to irú ẹnu irin bẹ́ẹ̀ púpọ̀ sí àárín rẹ̀. Ní ọdún 1972, C. A. Thomas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe irú àwo bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ọkàn adìyẹ ni wọ́n sì fi dán an wò. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, àwọn mìíràn ti ń lò ó fún sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, tí wọ́n sì gbé ègé lé e. Láti àwọn ọdún 1990 ni a ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́.

Àwo kan tí ó wọ́pọ̀ ní ẹlẹ́kítíróòdù 60. A tò wọ́n ní ìlà mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ, láìsí mẹ́rin orí igun. Fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.03 mìlímítà, àyè àárín ọ̀kan sí èkejì jẹ́ 0.2 mìlímítà. Nítorí náà, gbogbo wọn kò gbà ju nǹkan bíi mìlímítà kan àti ààbọ̀ níbùú lóròó lọ, ó kéré sí ojú hóró ìrẹsì kan. A óò tẹ́ ègé sí i lórí, a óò fi àwọ̀n fẹ́lẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó má baà léfòó, omi olóśíjìn tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ yóò sì máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́kítíróòdù yìí kò wọ inú sẹ́ẹ̀lì kankan. Ìta ni wọ́n wà, bí ẹni tí ó gbé etí sí ògiri. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń gbọ́ kéré púpọ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ta iná, ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn lè jẹ́ ìdá 50 nínú mílíọ̀nù fóólítì kan. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo lágbára jù ú lọ ní ìlọ́po 30,000. Ẹ̀rọ kan ni yóò sọ àmì kékeré yìí di ńlá kí kọ̀ǹpútà tó gbà á. Kọ̀ǹpútà lè ka ẹlẹ́kítíróòdù kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 60, nọ́ńbà 1,200,000 ni yóò máa wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn àwo tuntun tilẹ̀ wà tí ẹlẹ́kítíróòdù wọn jẹ́ 4,096.

Yorùbá ní etí mẹ́ta kò yẹ orí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà, etí méjì kò gbé e. Ohun tí àwo yìí fún wa ni àwòrán ìrìn ọ̀rọ̀: ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tí ó gbà, àti ibi tí ó parí sí.

6.0 Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Oríta Ni Ó Ń Sọ̀rọ̀

Kì í ṣe gbogbo iná tí àwo gbà ni ó wá láti oríta. Òmíràn jẹ́ iná tí ń sáré lórí okùn, òmíràn jẹ́ ariwo láti ara wáyà ilé. Báwo ni a ṣe ń yà wọ́n?

Àwo náà lè sọ̀rọ̀ bí ó ti lè gbọ́. A óò yan ẹlẹ́kítíróòdù kan, a óò fi ta àwọn okùn tí ó wà lórí rẹ̀ jí ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwọn yòókù yóò kọ́kọ́ gbọ́ àmì kékeré kan tí ó yára: iná orí okùn nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àmì kejì yóò dé, tí ó tóbi jù, tí ó sì fà díẹ̀: ìdáhùn àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó gba àrokò ni. Àkókò díẹ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni àrokò fi kọjá àlàfo.

A tún ní ẹ̀rí mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì kò lè tú àrokò sílẹ̀ láìsí kálísíọ́ọ̀mù. Bí a bá fi omi tí kò ní kálísíọ́ọ̀mù rọ́pò tàtẹ̀yìnwá, àmì kejì yóò pòórá, àmì àkọ́kọ́ yóò sì wà níbẹ̀. Bí a bá dá kálísíọ́ọ̀mù padà, àmì kejì yóò padà. Bákan náà, oògùn tí ó ń dí ibi tí a ti ń gba gúlútámèètì yóò pa àmì kejì nìkan. Ṣùgbọ́n bí a bá lo májèlé tí a ń rí nínú ẹja kan tí ń wú bíi bọ́ọ̀lù, àmì méjèèjì ni yóò dákẹ́, nítorí iná kò ní lè rìn lórí okùn mọ́. Báyìí ni onímọ̀ ṣe ń bi ègé ní ìbéèrè, tí ègé sì ń dáhùn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì: kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ fi hàn ni ẹ̀rí, bí kò ṣe ohun tí ó yí padà nígbà tí a yí ohun kan ṣoṣo padà.

7.0 Ọ̀rọ̀ Tí A Ń Tún Sọ: Oríta àti Ìrántí

Ní ọdún 1966, Terje Lømo kíyè sí ohun kan nínú ọpọlọ ehoro tí ó sùn, ní ìlú Oslo. Òun àti Tim Bliss tẹ ìwádìí náà jáde ní 1973. Bí wọ́n bá ta okùn kan jí lemọ́lemọ́ fún ìgbà díẹ̀, ìdáhùn oríta rẹ̀ lẹ́yìn náà yóò lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, agbára náà yóò sì wà fún wákàtí púpọ̀. Láìpẹ́, a rí ohun kan náà nínú ègé. Lórí àwo, bí a bá ta okùn jí ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, a lè rí èwo nínú àwọn oríta ni ó lágbára sí i àti èwo ni kò yí padà.

Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀kan lára ọ̀nà tí ìrántí ń gbà jókòó nìyí. A kò gbọdọ̀ sọ pé ègé mọ ìwé. Síbẹ̀, ó tọ́ kí olùkọ́ mọ̀ pé ohun tí ń yí padà nígbà tí ọmọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ni agbára oríta, àti pé oríta lè yí padà ní wákàtí kan.

8.0 Ọjà Tí Gbogbo Rẹ̀ Pariwo Kan Náà: Wárápá

Agbára kan náà tí ó jẹ́ kí oríta kọ́ ẹ̀kọ́ ni ó lè di ewu. Ọjà Ojúwòyè ń gún régé nítorí pé olúkúlùkù ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí gbogbo ọjà bá ṣàdédé ń pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí yóò lè rà, kò sí ẹni tí yóò lè tà. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ nígbà tí wárápá bá gbé ènìyàn nìyí.

A lè rí i lórí àwo. Bí a bá da oògùn tí ń dí àrokò "jókòó" sínú omi ègé tí ara rẹ̀ le, tàbí tí a yọ maginíṣíọ́ọ̀mù kúrò nínú omi náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná pọ̀. Àwo yóò fi ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn, yóò sì fi hàn bí ó ṣe ń tàn bí iná ọyẹ́ láti ẹlẹ́kítíróòdù kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ yóò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí a bá dá omi rẹ̀ padà sí bí ó ti yẹ, ègé náà yóò padà sí ìṣe rẹ̀. Ní Paris, ní ọdún 2002, àwọn oníwádìí gbọ́ irú ọ̀rọ̀ àjùmọ̀sọ bẹ́ẹ̀ láti inú ègé ọpọlọ àwọn aláìsàn tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí wárápá. Wọn kò fi oògùn kankan sí i; ègé náà fúnra rẹ̀ ni ó ń ta iná.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ègé tí a gé kúrò lára kò ní itọ́. Kò ní ẹ̀mí òkùnkùn tí ń bá a jà, kò sì ní ẹni tí ó ṣépè fún un. Síbẹ̀, a lè mú kí ìṣe wárápá bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, a sì lè mú kí ó dúró, nípa yíyí ìwọ̀n "dìde" àti "jókòó" padà. Itọ́ tí ń fófòó ní ẹnu ọmọ jẹ́ itọ́ rẹ̀ lásán tí kò lè gbé mì. Kò ràn. Òye yìí ni ó tún jẹ́ kí a mọ ìdí tí oògùn fi ń ṣiṣẹ́. Fẹnobábítọ́ọ̀nù, tí a ti ń lò láti 1912, ń ran àrokò "jókòó" lọ́wọ́. Bí a bá dá a dúró lójijì, ọjà yóò tún pariwo. Ìdí nìyí tí aláìsàn kò fi gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni ó ní wárápá ní àgbáyé, pé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 wọn ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, àti pé tó ìdá 70 nínú 100 lè gbé ayé láìsí pé ó ń gbé wọn bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ. Nílẹ̀ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn yẹ ìlú Igbó-Ọrà wò ní ilé dé ilé. Àbájáde wọn tí ó jáde ní 1987 ni pé ènìyàn 5.3 nínú 1,000 ni ó ní in. Bí ìṣirò náà bá rí bẹ́ẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ 600, a jẹ́ pé ọmọ mẹ́ta ni.

9.0 Ọmọ Èkó Kan àti Ọ̀rọ̀ Iná Mànàmáná

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ yìí kò kan ọmọ wa. Oshiorenoya Agabi, tí a bí ní Èkó, kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Yunifásítì Èkó kí ó tó lọ sí òkè òkun lọ kọ́ nípa ọpọlọ àti ẹ̀rọ. Ní ọdún 2015, ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní California. Ní 2017, ní ìlú Arusha ní Tanzania, ó fi ẹ̀rọ kan han ayé tí ó so sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku tí ó wà láàyè pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Sẹ́ẹ̀lì tí a gbìn sínú àwo ni ti tirẹ̀, kì í ṣe ègé, ṣùgbọ́n ìlànà gbígbọ́ àti sísọ̀rọ̀ nípa ẹlẹ́kítíróòdù jọra. Koniku ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀: kò ní ikú.

Ègé tiwa ní ikú. Wákàtí bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ó sábà máa ń fi wà láàyè, bí iná ilé kò bá sì sí, fọ́ọ̀mù afẹ́fẹ́ àti ẹ̀rọ tí ń da omi yóò dúró, ègé yóò sì kú kí wákàtí rẹ̀ tó pé. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè kì í ṣe ọgbọ́n tí ó ju tiwa lọ. Ó ń béèrè iná tí kì í ṣẹ́jú, ọ́síjìn tí kì í tán, àti yìnyín. Gbogbo ará Muṣin ni ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí.

10.0 Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Àmọ́ kò dìgbà tí a bá ní àwo ẹlẹ́kítíróòdù kí a tó lo ìmọ̀ tí ó ti bá wa wá. Bí wárápá bá gbé ọmọ ní kíláàsì:

(i) Kí olùkọ́ dúró, kí ó wo aago, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ yòókù sún sẹ́yìn.

(ii) Kí ó kó àga àti ohun líle kúrò nítòsí, kí ó fi ohun rírọ̀ sí abẹ́ orí ọmọ náà, kí ó tú ọrùn aṣọ rẹ̀.

(iii) Kí ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Kí ó má ṣe dì í mú pinpin.

(iv) Kí ó má ṣe ki ṣíbí, igi tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná, kí ó má sì rọ àgbo ìtọ̀ màlúù fún un; àgbo yìí lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ dé ìwọ̀n tí ó lè pa á.

(v) Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tí ó tún gbé e kí ó tó jí, tàbí tí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn.

(vi) Nígbà tí ó bá jí, kí a jẹ́ kí ó sinmi, kí ó sì padà sí àyè rẹ̀ ní kíláàsì. Kí olùkọ́ ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kì í ràn.

Ó tún yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pé gìrì tí ibà ń fà sí ọmọ kékeré lára kì í ṣe wárápá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra lójú. Dókítà ni ó lè yà wọ́n.

11.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣàlàyé bí a ṣe ń gé ègé ọpọlọ, bí a ṣe ń mú un wà láàyè, àti bí àwo ẹlẹ́kítíróòdù ṣe ń jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń lọ ní oríta àwọn sẹ́ẹ̀lì. A ti rí i pé ìkẹ́kọ̀ọ́ àti wárápá kò jìnnà sí ara wọn: oríta kan náà ni wọ́n ń ná, ìwọ̀n ni ó yà wọ́n. A dá a lábàá pé kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ fi àlàyé lórí wárápá kún ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì àti ìmọ̀ ìlera tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ń gbà, kí a sì máa fi èdè tí wọ́n fi gbọ́ ìbẹ̀rù náà láti kékeré ṣe àlàyé rẹ̀. Èdè Yorùbá ni a fi sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa pé itọ́ oníwárápá ń ràn. Èdè Yorùbá náà ni ó yẹ kí a fi sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀.